Ibi tí Àmì Rẹ̀ Bọ́ Sí

Kò sí ẹni tí ó nílò àlàyé nínú ilé náà mọ́. Láti ìgbà tí àbúrò ti ń dá fáànù òkè àjà lóhùn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀, obìnrin tí ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwádìí, ti mọ̀ pé àrùn ọpọlọ ni. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí ará ilé mọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí aláìsàn gbà. Olùkọ́ ìṣirò ni àbúrò yìí. Bí òjò bá pa á tí ó rin gbindingbindin, yóò ṣì béèrè ẹ̀rí. Lọ́yà ni wọ́n ń pè é nílé.

"Àǹtí mi," ó ti ike oògùn sẹ́yìn, "ẹni tó ní ibà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló sọ ọ́. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ ló sọ ọ́. Èmi nìkan ni dókítà kàn wò lójú tó ní orí mi ò pé. Ẹ fi tèmi náà hàn mí, màá lò ó."

"Gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ o jàre," ni ìyá wọn wí. "Ṣebí iṣẹ́ ẹ nìyẹn?"

Iṣẹ́ rẹ̀ ni lóòótọ́. Èròjà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí ó sábà máa ń pọ̀ lára àwọn tí àrùn yìí ń ṣe. Òun ni wọ́n ń wọ̀n ní ilé ìwádìí náà, àmì kan lórí àwòrán fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: bí èròjà náà bá ṣe pọ̀ tó ni àmì ẹni ṣe ń ga tó. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ agbo kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnìkan. Bí a bá ní ọkùnrin ga ju obìnrin lọ, a kò tíì sọ bí ìyá ẹni ṣe ga tó. Ó mọ èyí. Ọ̀gá rẹ̀ sì tún kìlọ̀ pé ìwádìí ni àwọn ń ṣe, àwọn kì í dájọ́. Síbẹ̀, bí àmì àbúrò rẹ̀ bá lè bọ́ sókè, Lọ́yà yóò mu oògùn. Ìrètí yẹn ni ó tàn án tí ó fi gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Nígbà tí èsì jáde, àbúrò dúró sẹ́yìn àga rẹ̀, ó tẹjú mọ́ kọ̀ǹpútà.

"Èwo ni tèmi?"

Kò ṣeé parọ́ fún. Ẹ̀gbọ́n fi ìka hàn án: àárín àwọn tí ara wọn le gan-an ni.

"Èyí tó dá wà lókè fíofío yẹn ńkọ́?"

Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n máa ń fi ẹ̀jẹ̀ tiwọn sílẹ̀ fún ìfiwéra. "Tèmi ni."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Àǹtí mi! Ẹ má gbàgbé oògùn yín o."

"Gbọ́ ná. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ò tíì lè sọ ọ́."

"Nígbà tẹ́ ẹ rò pé ó máa dá mi lẹ́bi, ṣé ó lè sọ ọ́ nígbà yẹn?"



Àbúrò ti ń pe ìyá wọn lórí fóònù. "Màmá, ara mi le! Ẹ̀rọ ló sọ ọ́!" Lójijì ó dákẹ́, ó dẹ etí sí ẹ̀gbẹ́ ògiri níbi tí ẹnikẹ́ni kò sí, ó mi orí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Wọ́n ní kí n bá wọn kí yín, Àǹtí mi." Ó na fóònù sí i.

"Ṣé òótọ́ ni?" ni ìyá bi í. "Ẹ̀rọ yín sọ ọ́, àbí kò sọ ọ́?"

"Ó sọ ọ́, Màmá, ṣùgbọ́n..."

Ìyá ti bú sórin ọpẹ́.