Agogo Tó Ka Ọdún Baba Ìjọ

"Láti òní lọ títí Jésù yóò fi dé," ni Nehemiah wí, tó ń fọwọ́ lu àyà, "agogo ìjọ yìí kò tún ní ṣì í lù mọ́. Bó bá ṣì í lù, ẹ pè mí ní ewúrẹ́, kí ẹ so mí mọ́ òpó!"

Àǹtí Julianah, akọ̀wé ìjọ, kò rẹ́rìn-ín. Iléṣà ni, lọ́dún 1997, nínú yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níwájú kọ̀ǹpútà tí Baba Ìjọ rà nígbà tí agogo irin là sí méjì. Wọ́n ti gba ohùn agogo náà sílẹ̀ kó tó là. Nehemiah ló wá kọ ètò tó ń mú kọ̀ǹpútà lu ohùn yẹn jáde láti inú sípíkà ńlá lórí òrùlé: ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, iye tí aago bá wí; bí ọmọ ìjọ bá kú, iye ọdún tó lò láyé. Òkú agogo wá ń kéde òkú èèyàn. Kò sẹ́ni tó rò ó bẹ́ẹ̀ títí di ọjọ́ náà.

Ètò yìí kò dá iṣẹ́ ṣe. Ó gbára lé láíbìrì méjì, ìyẹn iṣẹ́ tí ẹlòmíì ti ṣe sílẹ̀ tí ètò ń yá lò. Ọ̀kan ń wo aago, ìkejì ń mú ohùn jáde. Tuntun àwọn méjèèjì ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Èkó.

"Pa ti àtijọ́ mọ́ sínú dísíkì ná," ni Julianah wí. "Pààrọ̀ ọ̀kan ṣoṣo. Ká yọ wáyà sípíkà, ká dán an wò láàárín ara wa."

"Àǹtí, ṣé ọbẹ̀ ni, tí a ó máa tọ́ ọ wò?"

"Bí ọbẹ̀ bá bàjẹ́, ará àdúgbò ò ní gbọ́ ọ."

Nehemiah rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó da tuntun méjèèjì lé ti àtijọ́ lórí, ó bọ́ síta láti lọ gba ìyìn.

Ọ̀sán pọ́n. Gbọ̀ọ̀n. Gbọ̀ọ̀n. Ó pé méjìlá, Nehemiah na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n.

Gbọ̀ọ̀n.

Ọwọ́ rẹ̀ wà lókè síbẹ̀.

Gbọ̀ọ̀n.

Ó sáré wọlé, ó tẹ gbogbo ohun tó ṣeé tẹ̀. Agogo kò yára, kò falẹ̀. Níta, àwọn ewúrẹ́ dúró, wọ́n kọjú sí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Obìnrin kan sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ní àdúgbò yẹn, kò sẹ́ni tó ń gbọ́ agogo tí kì í kà á. Ètè gbogbo èèyàn ń mì lójú títì, láìsí ohùn. Nehemiah fa wáyà kan yọ: wáyà kíbọ́ọ̀dù ni. Ó na ọwọ́ sí èyí tó gbé iná wá. Kí ìka rẹ̀ tó kàn án, agogo dákẹ́. NEPA ti mú iná lọ.

Nínú ìdákẹ́jẹ́ náà, ẹnì kan sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà: "Méjìléláàádọ́rin."

Ọjọ́ Ìsinmi tó kọjá ni Baba Ìjọ, Pa Fákúnlé tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè ní Òṣogbo, ṣe ìdúpẹ́ ọdún méjìléláàádọ́rin. Gbogbo wọn ló jẹ ìrẹsì ibẹ̀.

Nehemiah àti Julianah sáré lọ sílé Baba, wọ́n bá a nídìí iyán, òkèlè lọ́wọ́. Òun náà ti kà á.

"Ṣé èmi ni?" ló bi wọ́n.

Ó dá òkèlè padà sínú àwo, ó lọ dùbúlẹ̀, ó ká ọwọ́ lé àyà. "Bí agogo yẹn ò bá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ kí ilẹ̀ tó ṣú, ẹ bá mi kí àwọn ọmọ mi."

Julianah fọwọ́ kan ẹsẹ̀ rẹ̀. Oòrùn ń ràn wìì níta, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ Baba tutù bí omi àmù.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́," ni Nehemiah wí, "mo ti pa Baba o. Láíbìrì àtijọ́ ńkọ́?"

"O ti da nǹkan lé e lórí, ewúrẹ́."

Láńrewájú, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Òṣogbo, ṣì ní ẹ̀dà kan. Nehemiah wọ mọ́tò lọ, ó wọ mọ́tò bọ̀, agogo náà ń dún létí rẹ̀ lálọ lábọ̀. Nígbà tó dé, iná ti dé. Lọ́tẹ̀ yìí, ó yọ wáyà sípíkà. Ó dá ti àtijọ́ padà, ó dán an wò. Ó fi aago tuntun sí i, ó dán an wò: kò sí wàhálà. Ó fi ohùn tuntun sí i, ló bá rí i. Ti àtijọ́ máa ń lu agogo lẹ́ẹ̀kan, á dúró fúnra rẹ̀. Tuntun kì í dúró àfi bí wọ́n bá ní kó dúró. Ó yọ ọ́, ó fi ti àtijọ́ sípò rẹ̀, ó ki wáyà sípíkà bọlé, ó sáré lọ sílé Baba.

Aago mẹ́fà lù. Alùfáà, àwọn ọmọ, Julianah, gbogbo wọn dúró yí bẹ́ẹ̀dì ká, wọ́n ń kà á. Ó pé mẹ́fà. Wọ́n ń retí ìkeje. Kò dé.

Ṣùgbọ́n Baba kò lajú. Ohùn rẹ̀ jáde bí ẹni tó wà nínú kànga: "Èyí ò kàn mí. Ti ọ̀sán ló mọ̀ mí. Ta ló sọ iye ọdún mi fún un?"

Nehemiah mọ ìdí tí agogo kò fi dúró. Ìdí tó fi wá dúró síbi tó dúró sí, kò sí nínú láíbìrì kankan. Alùfáà ṣí ìwé orin. Ẹnì kan bú sẹ́kún, ni gbogbo wọn bá bá a sun ún.

Ìyàwó Baba, Màmá Oyèṣọlá, gbé iyán tuntun wọlé. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Méjìléláàádọ́rin yẹn, ọjọ́ orí tó dín kù láti fi wọṣẹ́ rélùwéè ló ṣì ń kà bọ̀," ló wí. "Baba yín ti pé ọgọ́rin lésìí. Ẹ kúrò lọ́nà, iyán ń tutù."