Ìgbà Tí Wọ́n Pe Delmar sí Líìgì Àgbà

Orí Delmar Stroud ti ń pá, síbẹ̀ ó ṣì ń ju bọ́ọ̀lù nínú eré baseball, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá, ní líìgì kékeré nílùú Harlan Creek, ní Nebraska, nílẹ̀ Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ tiẹ̀ ni pé bó bá ti rẹ ẹni tó kọ́kọ́ ń ju bọ́ọ̀lù, tí nǹkan sì fẹ́ bàjẹ́, wọn á ní kó sáré wọlé wá pa iná. Nígbà mìíràn, ó máa ń pa á. Nígbà mìíràn sì rèé, òun gan-an ló máa ń bu epo sí i.

Gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé kò lè dé líìgì àgbà mọ́. Corinne ìyàwó rẹ̀ mọ̀. Kódà, ọkùnrin tó máa ń gbé aṣọ ńlá tí wọ́n rán bí àgbàdo wọ̀ láti fi dẹ́rìn-ín pa àwọn òǹwòran bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Delmar, tóo bá fẹ̀yìn tì, ṣé wàá gba aṣọ yìí lọ́wọ́ mi? Ooru inú ẹ̀ ò kéré o."

Tanner Voss lẹni tí wọ́n gbójú lé, ọmọkùnrin kan tí irùngbọ̀n ẹ̀ ò tíì hù dáadáa, àmọ́ tó ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni yìnbọn. Ẹnu ẹ̀ náà ò sinmi.

"Bàbá àgbà," á ní, "ṣé kí n bá yín gbé àga wá?"

"Gbé e wá," Delmar á fèsì, "màá là á mọ́ ẹ lórí."

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìròyìn dé pé ajubọ́ọ̀lù kan ti fi ìgbọ̀nwọ́ ṣèṣe ní ẹgbẹ́ àgbà wọn nílùú ńlá, wọ́n sì ń wá arọ́pò. Ni kálukú bá ń bọ Voss lọ́wọ́. Àmọ́ nínú eré ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Voss kọjá ògiri pápá. Bó ṣe wọ yàrá ìmúra, inú bí i, ó lu ẹ̀rọ tó ń ta kóòkì ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀rọ ò mira. Ìka Voss ló kán.

Kóòṣì Pruitt ránṣẹ́ pe Delmar. Delmar rò pé wọ́n fẹ́ lé òun ni.

"Kóòṣì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n parí ọdún yìí ná…"

"Panu mọ́. Ìwọ ló ń lọ."

"Lọ síbo? Ilé?"

"Líìgì àgbà, ọ̀dẹ̀! Wọ́n ní kí n fi ẹni tí ọwọ́ ẹ̀ pé ránṣẹ́. Tìẹ pé."

Delmar pe Corinne lórí fóònù.

"Ṣé o ti mutí ni?" lobìnrin náà bi í.

"Mi ò fẹnu kan nǹkan kan."

"Ó dáa, lọ mu díẹ̀, kóo wá tún un sọ kí n gbọ́." Ìgbà tó wá gbà á gbọ́ ló figbe ayọ̀ ta.

Ní líìgì àgbà, Delmar kàn ń jókòó ṣáá ni. Kò sẹ́ni tó pè é sí pápá. Àfi lọ́sàn-án ọjọ́ Sunday kan, tí ẹgbẹ́ wọn fi ayò kan ṣáájú, tí èèyàn ẹgbẹ́ kejì kún gbogbo orígun pápá, tí wọ́n ń retí àtisáré wálé gba ayò, tó sì kù kí wọ́n lé ẹnì kan péré jáde kí eré parí. Ó ti rẹ gbogbo àwọn ajubọ́ọ̀lù yòókù tán. Ni wọ́n bá ní kí Delmar jáde lọ sáàárín pápá.

"Ta nìyí?" ẹnì kan kígbe láàárín èrò. "Ṣé dírẹ́bà bọ́ọ̀sì wọn ni?"

Delmar ju bọ́ọ̀lù. Gbàà! Ẹni tó mú igi dání ti gbá a dókè réré. Delmar dijú, ó sì sọ ọ̀rọ̀ rírùn kan tí tẹlifíṣọ̀n gbé sáfẹ́fẹ́. Ìgbà tó lajú, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn pápá ti fò ṣánlẹ̀ mọ́ ògiri, bọ́ọ̀lù sì wà lọ́wọ́ ẹ̀; ó ti mú un kó tó kanlẹ̀, ìyẹn sì lé ẹni tó gbá a jáde. Eré parí, wọ́n borí.

"Kí ni èrò yín lórí bọ́ọ̀lù yẹn?" akọ̀ròyìn kan bi í.

"Mo ní kó lọ sísàlẹ̀," ni Delmar wí. "Kò gbọ́ tèmi."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n dá a padà sí líìgì kékeré: wọ́n ti rí ọ̀dọ́ kan rà. Corinne wá pàdé ẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ó dì mọ́ ọn pẹ́.

"O ti wá ríbẹ̀ báyìí. Ṣé kóo wá fẹ̀yìn tì?"

"Fẹ̀yìn tì kẹ̀? Nígbà tí kò tíì sẹ́ni tó rí ayò kankan gbà lọ́wọ́ mi ní líìgì àgbà?"

Corinne pòṣé, ó ju kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sí i. "Máa wà wá lọ, ọ̀gá líìgì àgbà. Ebi ń pa mí."