Ohun Tí Wọn Ò Sọ fún Alukoro

Alukoro ni wọ́n ń pè é nílé, Alukoro náà ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí pé òun ni agbẹnusọ ilé-iṣẹ́ mọ̀nàmọ́ná fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí iná bá lọ, òun ni yóò bọ́ sórí rédíò láti tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ̀, káfíńtà tó ti fẹ̀yìn tì, a máa fi ṣe é ní yẹ̀yẹ́ pé, "Ẹ̀yin lẹ mú iná lọ, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bá wa kẹ́dùn. Olè tó ń bá olóko wá iṣu."

Nígbà tí yunifásítì kan ní ìlú tó jìnnà fún un láàyè láti wá gba dìgírì kejì nínú ìmọ̀ ọgbọ́n ìbánisọ̀rọ̀, Bàbá ní kó jókòó kó ṣàlàyé ohun tí wọ́n ń kọ́ níbẹ̀. Ó ní wọ́n ń kọ́ bí ilé-iṣẹ́ àti ìjọba ṣe ń gbèrò ọ̀rọ̀ kí wọ́n tó sọ ọ́ síta: ta la fẹ́ bá sọ̀rọ̀, kí la fẹ́ kó ṣe tó bá gbọ́, ìgbà wo ló yẹ kó gbọ́, ẹnu ta ló sì yẹ kó ti gbọ́ ọ.

Bàbá ronú díẹ̀. "Ìyá yín ò dé ẹnu ọ̀nà yunifásítì," ó ní, "bó sì ṣe máa ń tọrọ owó bàtà tuntun lọ́wọ́ mi gan-an nìyẹn."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, títí kan ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, rewáyà mọ́tò, tí kì í tètè rẹ́rìn-ín. Ìyá wọn ti kú tipẹ́, ṣùgbọ́n Bàbá kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni sọ̀rọ̀ òkú. Bí Alukoro ṣe di ẹrù rẹ̀ nìyẹn tó lọ.

Yàrá tó gbà wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ sì kọjú sí ògiri ilé kejì, tó fi jẹ́ pé bí ilẹ̀ bá mọ́, ògiri ló máa ń rí. Tábìlì kan wà níbẹ̀, àga kan, àti ibùsùn tí kò gbà ju ẹni tó bá ká ara rẹ̀ jọ lọ. Òun àti àwọn ayálégbé yòókù ló jọ ń lo ilé ìdáná, ṣùgbọ́n kálukú ti lẹ bébà tó kọ orúkọ sí mọ́ agolo mílíìkì tirẹ̀. Bó bá wọlé bá ẹnìkan níbẹ̀, onítọ̀hún á kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, á gbé abọ́ rẹ̀, á sì lọ jẹun ní yàrá. Kò sẹ́ni tó bá a jà. Ì bá tiẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn ká ní ẹnìkan bá a jà.

Ní kíláàsì, òun ló dàgbà jù. Lọ́jọ́ kan, olùkọ́ pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́rin-mẹ́rin, ó ní kí wọ́n kọ ìkéde fún ilé-iṣẹ́ kan tí gáàsì ti jò, tí àwọn ará àdúgbò ti ń sá kiri. Àwọn ọ̀dọ́ mẹ́ta tó wà lọ́wọ̀ọ́ rẹ̀ ń jiyàn lórí àwọ̀ àti àwòrán tí wọ́n máa lò. Alukoro ní kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí àwọn èèyàn máa sá gbà. Wọ́n wo ara wọn, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́. Àwọn ni olùkọ́ yìn jù. Nígbà tí kíláàsì tú, àwọn mẹ́ta náà ń gbèrò ibi tí wọ́n máa lọ jẹun. Ọ̀kan yíjú sí i, ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà," wọ́n sì jáde. Ó rọra ń kó ìwé rẹ̀ sínú àpò, ó fi àkókò sí i, bóyá ẹnìkan á padà.

Ọjọ́ Àìkú ni Bàbá máa ń pè é. Ìbéèrè rẹ̀ kì í yàtọ̀.

"Ṣé o ti lọ́rẹ̀ẹ́ níbẹ̀?"

"Mo ti ní, Bàbá. Àwa kan jọ máa ń jẹun lọ́sàn-án."

"Ìyẹn dáa. Ẹnìkan kì í jẹ́ 'àwá dé.'"

Nígbà tó yá, ìpè Bàbá dáwọ́ dúró. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń pè. "Bàbá ti sùn," ni ẹ̀gbọ́n sọ lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. "Ara wọn yá. Wọ́n ní ká kí ẹ, kó o gbájú mọ́ ìwé ẹ." Lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá lọ kí ọ̀rẹ́ wọn kan. Ara wọn yá, wọ́n ní kó gbájú mọ́ ìwé rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, fóònù Bàbá ló bàjẹ́, wọ́n ń wá ẹni tó máa tún un ṣe. Ara wọn ṣì yá.

Alukoro gbà á bẹ́ẹ̀. Ìdánwò ti sún mọ́lé, ìwé tó fẹ́ kà sì ga lórí tábìlì. Ká má parọ́, ó tiẹ̀ tù ú lára díẹ̀ pé kò sẹ́ni tó ń bi í léèrè ọ̀rẹ́ mọ́.

Ó ṣe ìdánwò, ó yege, iṣẹ́ ìwádìí ló kù. Orí bí ilé-iṣẹ́ ṣe ń kéde àjálù ló ń kọ tiẹ̀ lé. Ó ti bá oríṣiríṣi agbẹnusọ sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń yan ọ̀rọ̀ wọn. Olùkọ́ tó ń tọ́ ọ sọ́nà, àgbà obìnrin kan tó máa ń bọ́ bàtà sábẹ́ tábìlì bó bá ti jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, ka ohun tó kọ, ó sì tì í padà sí i.

"Àwọn tó sọ ọ́ lo bá sọ̀rọ̀," olùkọ́ náà ní. "Àwọn tí wọ́n sọ ọ́ fún ńkọ́?"

Bó ṣe dé ilé opó kan nìyẹn, ìyàwó òṣìṣẹ́ kan tó bá ìjàǹbá iná lọ ní ilé-iṣẹ́ ọṣẹ. Obìnrin náà gbé tíì fún un, ó pa tẹlifísọ̀n, ó sì jókòó kọjú sí i. Kò sunkún. Ó ní láàárọ̀ ọjọ́ náà, ilé-iṣẹ́ sọ fún òun pé ọkọ òun wà lọ́dọ̀ dókítà, pé àwọn ń ṣe gbogbo ohun tó yẹ.

"Mo ti mọ̀ kí wọ́n tó sọ," ó ní. "Ọ̀gá tí kì í dáhùn bí mo bá kí i, òun ló ń bi mí bóyá mo ti jẹun. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ń dán jù. Ẹni tí kò bá fi nǹkan pamọ́ máa ń ṣi ọ̀rọ̀ sọ, ó máa ń dá dúró, ó máa ń gbàgbé ibi tó bá a dé. Àwọn ò kọsẹ̀ rárá."

"Kí ló dé tẹ́ ò fi bi wọ́n?"

Opó náà wo tíì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo fẹ́ kó ṣì wà láàyè díẹ̀ sí i."

Alukoro dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó jáde, ó wọ bọ́ọ̀sì. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń ro bó ṣe máa kọ ọ̀rọ̀ obìnrin náà. Ibẹ̀ ló ti gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́kàn: ara wọn yá, gbájú mọ́ ìwé ẹ. Láti kékeré ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti máa ń da ọ̀rọ̀ pọ̀. Bó bá ń ròyìn bí òun ṣe tún mọ́tò ṣe, á fò síwájú, á tún padà sẹ́yìn, á ní, "Dúró ná, mi ò tíì sọ ti bátìrì fún ẹ." Ṣùgbọ́n láti ìgbà tó ti ń ròyìn Bàbá, kò tíì kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó dé ibi tó ń lọ. Ó dúró sábẹ́ òrùlé ibùdókọ̀, ó pe fóònù Bàbá, èyí tí wọ́n ní ó bàjẹ́. Fóònù náà dún, ẹnìkan sì gbé e.

"Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún yẹn sílẹ̀, Bàbá, èmi ni màá bá yín gbé e." Ohùn ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Lẹ́yìn náà ló wá sọ sínú fóònù pé, "Hẹlóò?"

"Ìyàwó wa, èmi ni."

"Àǹtí Alukoro. Ẹ kú ọ̀sán, mà. Ara Bàbá yá, wọ́n ní…"

"Kí ló ṣe ọwọ́ ọ̀tún wọn?"

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, ẹ má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ ẹnu mi lẹ ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ n pe Bàbá àwọn ọmọ."

Alukoro ò kúrò níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì kan dúró fún un, ó juwọ́ sí i pé kó máa lọ. Òmíràn tún dúró. Nígbà tí fóònù rẹ̀ dún, ariwo ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ irin ní ṣọ́ọ̀bù wà lẹ́yìn ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì gbọ́ tí ó ní kí wọ́n pa á.

"Rọpárọsẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n ní. "Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún. Wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ yẹn tẹlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ ni ò tíì padà."

"Láti ìgbà wo?"

"Kó o tó ṣèdánwò."

"Ṣé Bàbá ló ní kẹ́ ẹ má sọ fún mi?"

"Wọn ò lè sọ̀rọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún ẹ ni. A gbé fóònù sí wọn létí pé ìwọ la fẹ́ pè, wọ́n fi ọwọ́ òsì tì í dànù. Èmi ni mo túmọ̀ ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó lè jẹ́ nǹkan mìíràn ni wọ́n ń sọ."

Inú bí Alukoro débi pé ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Ẹ ń kàwé sí mi létí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. 'Ara wọn yá, gbájú mọ́ ìwé ẹ.' Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé oníbàárà yín ni mí?"

"Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ni," ẹ̀gbọ́n ní. "O mọ̀ pé mi ò mọ irọ́ pa. Ìyàwó mi ló bá mi tò ó kí n má baà sọ ọ́ nù." Ó wá bi í pé, "Ìwọ náà ńkọ́? Àwọn ọ̀rẹ́ tẹ́ ẹ jọ ń jẹun lọ́sàn-án yẹn, kí lorúkọ ọ̀kan nínú wọn?"

"Mi ò ní ọ̀rẹ́ kankan níbí, Ẹ̀gbọ́n mi," ó ní. Kò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí, àní fún ara rẹ̀ pàápàá.

"A ti fura. Bàbá ló kọ́kọ́ sọ ọ́, nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń ṣiṣẹ́. Wọ́n ní ọmọ yìí ń sọ 'àwa kan, àwa kan,' kì í dárúkọ ẹnìkan."

Ìgbà yẹn lomi bọ́ lójú rẹ̀. Arákùnrin àgbà kan tó ń dúró de bọ́ọ̀sì gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ǹṣì kí Alukoro lè jókòó. Ó jókòó.

"Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?"

"Tó o bá dé, kí lo máa ṣe tá ò ti ń ṣe? Parí ohun tó o lọ ṣe."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò fi ìkà sọ ọ́. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju ìròyìn rọpárọsẹ̀ náà lọ. Ó ti rò pé àlàfo kan wà nílé tó ń dúró dè é.

Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé fóònù sí Bàbá létí, kò sì tì í dànù lọ́tẹ̀ yìí. Alukoro ti gbèrò ohun tó fẹ́ sọ, gbogbo rẹ̀ sì fò lọ. Ó wá ń ròyìn yàrá rẹ̀: ògiri tó wà lójú fèrèsé, agolo mílíìkì tí wọ́n lẹ bébà mọ́, ìrẹsì tó sè tó fi lọ aládùúgbò rẹ̀, tí ìyẹn ní òun ti yó. Ó ń gbọ́ èémí Bàbá. Nígbà tó parí, ohùn kan jáde, ó wúwo bí ẹni ń sún kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ó dáa."

Ọ̀rọ̀ yẹn nìkan ló padà. Bàbá fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀ ni, ó fi ń dáhùn bẹ́ẹ̀ kọ́, ó fi ń béèrè omi. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ni Alukoro ń sọ̀rọ̀ tí Bàbá ń sọ pé ó dáa, tí kò sì mọ èyí tó dáa nínú rẹ̀. Ó kọ ìwádìí rẹ̀ parí láàárín ìyẹn. Olùkọ́ rẹ̀ ní orí tí ọ̀rọ̀ opó náà wà ló dára jù. Lọ́jọ́ tí wọ́n kó ìwé ẹ̀rí fún wọn, ó ní kí àjèjì kan bá òun ya fọ́tò lẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn, ó sì fi í ránṣẹ́ sílé.

Nígbà tó dé ilé, Bàbá wà lórí àga níwájú ilé. Ó ti rù. Ó wo Alukoro fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Ó dáa." Alukoro kúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Kò pẹ́ tó fi rí i pé ilé ti to ara rẹ̀ láìsí òun. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ ìgbà tí Bàbá ń fẹ́ oòrùn. Ẹ̀gbọ́n ló ń wẹ̀ fún un. Ibi tí Alukoro gbé àga tirẹ̀ sí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni Bàbá máa ń gbà kọjá. Wọ́n rọra ń gbé àga náà kúrò. Bó bá na ọwọ́ láti gbé Bàbá dìde, Bàbá á wò ó kọjá, á máa wá ìyàwó ẹ̀gbọ́n.

Ní ìrọ̀lẹ́ kan, tí wọ́n fẹ́ wọ aṣọ fún Bàbá, Alukoro dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, ẹ kọ́ mi."

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n wò ó, ó sún sẹ́yìn. "Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ gba ìgúnpá láti ìsàlẹ̀, mà. Ẹ má fa ọwọ́ wọn. Apá tó ń ṣàìsàn la máa ń kọ́kọ́ kì bọ aṣọ."

Ó ṣe é. Apá náà wúwo ju bó ṣe rò lọ, ó sì lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bàbá di ojú. Kò sọ pé ó dáa. Àmọ́ kò wá ẹlòmíràn, Alukoro sì rọra ki ọwọ́ náà bọ inú aṣọ.