Dísìkì Bàbá Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù Irin

Ọdún mẹ́fà ni Ìyá Wáyà fi bẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pé kó gbé kọ̀ǹpútà Bàbá jáde. Ọdún mẹ́fà náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi fún un lésì kan náà: "Ṣé ẹran ni, tí yóò fi jẹrà?"

Iṣẹ́ ló sọ obìnrin náà lórúkọ. Ó ti lé lógún ọdún tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù kótópó kan, wáyà lọ́rùn, wáyà lápò, tó fi jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ jókòó lọ́dọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kan kúrò lórí àga. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n ń pè ní Alága. Kò sí ẹgbẹ́ kankan tó fi í jẹ alága o. Ó kàn jẹ́ pé níbi tí èèyàn mẹ́ta bá ti jókòó, òun ni yóò pàṣẹ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Tíṣà ni bàbá wọn. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, kò jókòó sílé. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gba ohùn sílẹ̀, ó ń ti ilé alágbẹ̀dẹ bọ́ sílé amọ̀kòkò, ó ń ti ọ̀dọ̀ ahunṣọ bọ́ sọ́dọ̀ gbẹ́nàgbẹ́nà. "Kí lẹ ń pe irin kékeré yìí? Báwo lẹ ṣe ń mọ̀ pé iná ti tó?" Ọdún mọ́kànlá ló fi bi wọ́n léèrè. Ohùn tó kó jọ lé ní ọ̀ọ́dúnrún, inú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì kó gbogbo rẹ̀ sí.

Nígbà tí Bàbá kú, Alága fi táwẹ́ẹ̀lì wé kọ̀ǹpútà náà, ó tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù irin nínú yàrá rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri tí oòrùn ọ̀sán máa ń sun. "Ohun ìní Bàbá kò ní fọ́n ká," ó wí, "àfi tí gbogbo wa bá jókòó pọ̀." Gbogbo wa tó ń wí yìí, òun, àbúrò rẹ̀ àti ìyá wọn ni, wọ́n sì ń jókòó pọ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

"Bọ̀dá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́," Ìyá Wáyà á wí. "SSD ló wà nínú rẹ̀. Iná bíńtín bíńtín ni dísìkì yẹn fi ń rántí nǹkan. Tó bá pẹ́ tí kò rí iná, èyí tó wà nínú rẹ̀ á máa jò díẹ̀díẹ̀. Tó bá ti gbó, tó sì wà nínú ooru, á tún yá sí i. Ẹ jẹ́ kí n kàn tàn án, kí n da gbogbo rẹ̀ kọ síbòmíràn."

"Ìwọ àti iná rẹ! Ta ló sọ fún ẹ pé n kò mọ nǹkan í tọ́jú?"

Lọ́jọ́ kan, ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ránṣẹ́ pé àwọn fẹ́ gbọ́ iṣẹ́ Bàbá, pé kí ẹnì kan nínú ẹbí wá sọ̀rọ̀ níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ dáadáa, Alága ti dé ṣọ́ọ̀bù, kọ̀ǹpútà ní abíyá. Ó ti gbé aṣọ tí yóò wọ̀ lọ sọ̀rọ̀ níbẹ̀ fún aránṣọ.

Ìyá Wáyà kò kí i ju "Ẹ káàárọ̀" lọ. Ó tú ẹ̀yìn kọ̀ǹpútà, ó yọ dísìkì náà, ó so ó mọ́ ẹ̀rọ tirẹ̀, ó sì ń dà á kọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ó pẹ́ kí orúkọ fáìlì tó hàn. Nígbà tí wọ́n hàn, Alága rẹ́rìn-ín. "Ṣé o rí i? Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀."

"Orúkọ wọn ló wà níbẹ̀," Ìyá Wáyà wí.

Ó tẹ àkọ́kọ́. Ohùn alágbẹ̀dẹ jáde: "Èyí tí mo dì mú yìí, a máa ń pè é ní..." Ohùn náà ya bí aṣọ gbígbó, ó sì dákẹ́. Ó tẹ ìkejì: ariwo lásán. Ìkẹta kò ṣí. Títí tí oòrùn fi wọ inú ṣọ́ọ̀bù, nínú ohùn tó lé ní ọ̀ọ́dúnrún, mọ́kàndínlọ́gọ́ta péré ló ṣeé gbọ́ délẹ̀.

"O ti bà á jẹ́," Alága wí. "Kó tó dé ọwọ́ rẹ, kò sí nǹkan tó ṣe é."

Ìbínú tó ti wà nínú obìnrin náà láti ọdún mẹ́fà bá ru sókè bí omi gbígbóná tí wọ́n dé lómọrí. Ó fi ọwọ́ gbá tábìlì, ìṣó kéékèèké tó tú lára kọ̀ǹpútà fọ́n sílẹ̀. "Èmi? Èmi tí mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lójú Màámi! Ẹ sun ún lóòrùn fún ọdún mẹ́fà, ẹ wá ń wá ọwọ́ tó bà á jẹ́! Ẹ bọ́ sóde, Bọ̀dá. Ẹ bọ́ sóde kí n tó sọ ohun tí àbúrò kì í sọ sí ẹ̀gbọ́n!"

Alága bọ́ sóde. Kò tíì sí ẹni tó lé e kúrò níbì kan rí.

Lẹ́yìn tó lọ, Ìyá Wáyà yẹ àkọsílẹ̀ tí dísìkì náà fúnra rẹ̀ máa ń tọ́jú nípa iṣẹ́ tó ti ṣe. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ti kọ nǹkan sórí dísìkì yìí kọjá agbára rẹ̀, bẹ́ẹ̀ Bàbá kò lè kọ ìdá kan nínú ogún rẹ̀. Ó yí i padà, ó rí àmì tí òun fúnra rẹ̀ fi gègé kọ sí i lẹ́yìn. Inú ẹ̀rọ kámẹ́rà aṣọ́lé kan tí wọ́n ti kó dànù ló ti yọ ọ́, ẹ̀rọ tó ń gba àwòrán sílẹ̀ tọ̀sán-tòru fún ọdún márùn-ún. Òun ló fi í sínú kọ̀ǹpútà bàbá rẹ̀. "Ẹ máa lo èyí ná, Bàbá. Màá fi tuntun rọ́pò rẹ̀." Kò fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Oníbàárà wo ni kì í kìlọ̀ fún pé kó ní ẹ̀dà méjì? Kò ṣe ẹyọ kan fún bàbá tó bí i.

Ó lè pa á mọ́ra. Ta ló máa mọ̀? Ṣùgbọ́n nígbà tó di ọjọ́ Sátidé, ó sọ gbogbo rẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń bá ẹlòmíràn jà.

Alága nà ró. "Ẹ gbọ́ ọ, Màámi? Ẹnu ara rẹ̀ ló fi—"

"Panu ẹ mọ́!" ìyá wọn wí. Kò pariwo. "Ọ̀kan fún un ní ògbólógbòó, èkejì lọ yan án bí àgbàdo. Ọdún mọ́kànlá ni ọkọ mi fi rìn nínú òjò. Ọmọ méjì ni mo bí fún un, ẹ wò ó bí ẹ ṣe ṣe é." Ó nu ojú rẹ̀. "Alágbẹ̀dẹ yẹn ṣì wà láyé. Ẹ dìde, ẹ lọ bá a. Ẹ̀yin méjèèjì."

Wọ́n jọ lọ. Alágbẹ̀dẹ ti darúgbó, etí rẹ̀ kò gbọ́ràn dáadáa mọ́. Alága tún aṣọ rẹ̀ ṣe, ó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ gígùn. Àbúrò rẹ̀ gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ó gbóhùn sókè.

"A bà á jẹ́ ni, bàbá. Ohùn yín tí bàbá wa gbà sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ fún wa."

Arúgbó náà nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ iná rẹ̀. "Ọjọ́ mẹ́rin ni bàbá yín fi jókòó nínú èéfín yìí. Ó ń wúkọ́, ó ń gba ohùn mi sílẹ̀. Ẹ wá bà á jẹ́!" Ó pòṣé. Síbẹ̀ ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó ń dárúkọ wọn ní ìkọ̀ọ̀kan, Ìyá Wáyà ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó tún ń kọ ọ́ sí ìwé. Nígbà tó dórí irin kékeré kan tí ẹnu rẹ̀ là sí méjì, ó gbé e sókè. Ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Mo ti gbàgbé ohun tí à ń pe èyí," ó wí. "Bàbá yín mọ̀ ọ́n."

Ìyá Wáyà kọ ọ́ sílẹ̀ pé irin náà kò lórúkọ mọ́. Ó tẹ gègé mọ́lẹ̀ débi pé ìwé náà ya. Alága rọra béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ilé tó kàn. Obìnrin náà dìde, ó kọrí sílé amọ̀kòkò, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn.