Ṣòkòtò Alága

Alága ló ń pe ara rẹ̀. Alága kí ni? Kò sẹ́ni tó mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi í. Bí mọ́tò funfun rẹ̀ bá ti yà wọ àdúgbò wa, àwọn tó tó bàbá bí i á dìde lórí ìjókòó, wọn á máa juwọ́ sí i. Àwọn kan ní gẹdú ló ń tà, àwọn kan ní epo ni. Fọganáísà iwájú ilé wa búra pé ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta ló ní. Ìlú wa ò sì ní odò.

Ọ̀dọ̀ bàbá mi ló ń kó aṣọ wá. Alágbàfọ̀ ni wọ́n, ogójì ọdún ni wọ́n ti fi ń lọṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo, níbi tí ooru áyọ́ọ̀nù ti bó ọ̀dà ara ògiri. Ṣọ́ọ̀bù yẹn nìkan la ní. Alága wá sọ fún wọn pé òun fẹ́ kó ẹ̀rọ ìfọṣọ ńláńlá wá, kí àwọn jọ máa ṣe é. Kí wọ́n sáà buwọ́ lùwé pé ṣọ́ọ̀bù ti di ti òun pẹ̀lú. Láti ọjọ́ náà ni bàbá mi ti ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n buwọ́ lùwé, ibi tí mo ti ń bá wọn fi áyọ́ọ̀nù lọ ọ̀kan nínú ṣòkòtò Alága ni mo ti rí ohun tí kò yé mi. Wọ́n ṣẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi dì í mú, irú èyí tí aránṣọ máa ń lò kó tó rán aṣọ pa, téèyàn lè fà yọ lẹ́ẹ̀kan. Mo wo òmíràn, bákan náà ni. Mo yẹ súùtù mọ́kànlá wò, títí dé apá kóòtù. Ẹni tí wọ́n rán gbogbo wọn fún ga ju Alága lọ dáadáa. Ọkùnrin tó ní ọkọ̀ ojú omi mẹ́ta, kí ló dé tí ò lè gé ṣòkòtò?

Ìdáhùn kan ṣoṣo ló bá a mu. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi.

"Ẹnu ẹ ti yá jù," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú kúrò nídìí áyọ́ọ̀nù. "Alágbàfọ̀ kì í sọ ohun tó bá rí lára aṣọ oníbàárà. Omi ni kó gbé e lọ."

"Ọ̀la lẹ fẹ́ buwọ́ lùwé, Bàbá."

"Mo gbọ́. Wọ́n omi sí i."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, lọ́fínńdà Alága ṣíwájú rẹ̀ wọlé. Òrùka mẹ́rin, awò dúdú lójú nínú ilé.

"Bàbá wa! Lọ́yà ń dúró. Ẹ mú súùtù aláwọ̀ eérú yẹn wá kí n pààrọ̀ síbí. Èèyàn bíi tèmi kì í fi aṣọ kan ṣúlẹ̀."

"Ẹ kú iṣẹ́ aṣọ pípààrọ̀, Alága," ni màmá mi wí níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ.

Ó wọ ẹ̀yìn kọ́tìnì. Nígbà tó jáde, ṣòkòtò ti bo bàtà mọ́lẹ̀, ó ń wọ́ nílẹ̀. Apá kóòtù ti gbé ọwọ́ rẹ̀ mì tòrùka-tòrùka. Mo wo bàbá mi. Èmi kọ́ ni mo tú òwú yẹn.

"Kí lẹ ṣe sí aṣọ mi?"

"Òwú ló já nínú omi," ni bàbá mi fèsì wọ́ọ́rọ́wọ́. Wọ́n ti mú sísọ́ọ̀sì, wọ́n lóṣòó níwájú rẹ̀. "Ẹ má dààmú. Ẹ jẹ́ n gé e dọ́gba pẹ̀lú ẹsẹ̀ yín, kí n rán an pa. Ọ̀fẹ́ ni."

Wọ́n di etí ṣòkòtò mú, wọ́n ya ẹnu sísọ́ọ̀sì.

"Ẹ má gé e!" Ó fò sẹ́yìn, ó tẹ etí ṣòkòtò mọ́lẹ̀, ó sì jókòó pọ̀ọ́ sínú agbọ̀n aṣọ ìdọ̀tí. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá! Ọ̀gá mi á pa mí tí wọ́n bá dé!"



"Ọ̀gá ta ni?" ni màmá mi béèrè. "Alága náà tún lọ́gàá?"

Gbogbo rẹ̀ wá yé wa. Ilé ẹni tó rìnrìn àjò ló ń ṣọ́, mọ́tò onítọ̀hún ló ń gùn, àpótí aṣọ rẹ̀ ló ń tú. Ṣọ́ọ̀bù wa nìkan ni ì bá jẹ́ tirẹ̀.

Bàbá mi dìde, wọ́n ti ìwé ṣọ́ọ̀bù bọ dúrọ́ọ̀, wọ́n sì tì í pa. "Ẹ bá mi kí lọ́yà."

Alága fọwọ́ méjèèjì gbé ṣòkòtò sókè bí ẹni tó ń la ẹrẹ̀ kọjá, ó bọ́ síta. Fọganáísà tajú kán rí i, ó dìde fùú.

"Alága! Ẹ̀yin lẹ layé!"

Kò lè juwọ́, torí náà ó mi orí sí i.

Mo bi bàbá mi ìgbà tí wọ́n ti mọ̀.

"Láti súùtù àkọ́kọ́."

"Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fẹ́ buwọ́ lùwé?"

Wọ́n gbé áyọ́ọ̀nù, wọ́n tún gbé e kalẹ̀.

"Ó wù mí kó jẹ́ òótọ́ ni."