Wọ́n Gbé Leovigildo Gun Òkè Bí Ẹni Mímọ́

Títí di ọjọ́ tí ìjì fi wó igi máńgòrò ẹnu ọ̀nà rẹ̀, Leovigildo kò rántí pé òun ní ẹsẹ̀. Olùkọ́ ìṣirò ni kó tó fẹ̀yìn tì, gbogbo àdúgbò ló sì ti gbọ́ ìwàásù rẹ̀ sú: orí lọba, ẹrú lẹsẹ̀. "Ìbaaka ló ń rìn," ni yóò wí, "èèyàn a máa ronú." Abẹ́ máńgòrò yẹn la ti ń ta dòmínò lójoojúmọ́. Nurys, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ń gbé kọfí wá bá a lórí àga, òun náà ló ń wọ bàtà fún un láràárọ̀, bàtà tí kì í lọ ibì kankan.

Ká má parọ́, orí náà pé. Bó bá ti wo ojú rẹ, ó ti mọ dòmínò tó kù lọ́wọ́ rẹ. Á wá rẹ́rìn-ín, á pè wá ní ewúrẹ́.

Nígbà tí igi wó, tí oòrùn ń pa wá, a kó tábìlì lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì lókè. A sọ fún un.

"Ẹ máa lọ," ló ní. "Láìpẹ́ ẹ ó padà wá bẹ̀ mí."

A ò bẹ̀ ẹ́. Ara tù wá ni.

Lẹ́yìn Kérésìmesì, mo gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísè, mo fi àlùbọ́sà sí i, mo gbé e lọ fún un. Ó pè mí ní Casilda. Casilda ni ìyàwó rẹ̀, tí a ti sin tipẹ́. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, mo da dòmínò sílẹ̀ ká ta á. Bàbá ọlọ́gbọ́n fi oníhò márùn-ún ti oníhò mẹ́fà, ohun tí ọmọdé kì í ṣì ṣe nínú ayò yìí.

"Awò ojú mi ni kò sí níbí," ló ní.

"Ó wà lójú yín, Bàbá."

"Mo ní awò ni, n ò ní ojú!"

Ẹ̀rín tí mo ti pèsè gbẹ mọ́ mi lẹ́nu. Nurys ń sunkún nínú ilé ìdáná. "Nọ́ọ̀sì ti sọ fún Bàbá," ló ní. "Ó ní inú ìkòkò kan náà ni orí àti ẹsẹ̀ ti ń jẹun. Bí ẹnì kan bá jókòó sójú kan, tí kò rìn, tí kò rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, àtorí àtẹsẹ̀ ni ebi ń pa."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní nọ́ọ̀sì náà ò mọ ìṣirò."

Nurys bẹ àwọn ọkùnrin méjì tó ń ru àpò kọfí pé kí wọ́n fi àga gbé bàbá òun lọ bá wa. Ọjọ́ Àìkú ni. Èmi àti Eduvigis ń gun òkè lọ nígbà tí a rí wọn. Eduvigis, obìnrin kan tí a jọ ń ta dòmínò, ju Leovigildo lọ lọ́jọ́ orí, àmọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ le bíi ti ewúrẹ́. Orí rẹ̀ ló ń jò: láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, iyọ̀ ló bù sí kọfí wa, ó sì ń jà pé ṣúgà ni.

Ó rí àga náà lórí èjìká wọn, ó kúnlẹ̀ sáàárín ọ̀nà bí ẹni pé ère ẹni mímọ́ ni wọ́n ń gbé kọjá. "Leovigildo mímọ́! Ẹ bá wa tọrọ òjò o!"

Àwọn obìnrin jáde. Ẹnì kan tan àbẹ́là.

"Ẹni mímọ́ wo nìyí?"

"Ti àwọn ọ̀lẹ ni!"

Àwọn tó gbé e rẹ́rìn-ín títí àga fi ń yẹ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀.

"Ẹ gbé mi kalẹ̀!"

"Níbí, Bàbá?"

"Ṣé ọ̀run ni mo ní?"

Wọ́n gbé e kalẹ̀. Ó lé wọn lọ, wọ́n sì gbé àga náà lọ pẹ̀lú. Ó wá ku òun nìkan láàárín òkè, ojú gbogbo ayé lára rẹ̀. Bó bá sọ̀ kalẹ̀, a ó rẹ́rìn-ín. Ó di ògiri mú, ó ń gòkè. Nurys na ọwọ́ sí i, bàbá rẹ̀ gbá ọwọ́ náà dànù. Gbogbo ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó gba omi mu, ó sì fi àbùkù kan onílé lọ́wọ́ kan náà.

"Àbúrò," Eduvigis kígbe láti òkè, "ìbaaka ti fi ẹ́ sílẹ̀ o!"

Ìgbà tó fi dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ti ń kó dòmínò sínú àpótí.

"Ẹ ti parí?"

"Ilẹ̀ ń ṣú, Bàbá. A ń sọ̀ kalẹ̀."

Èébú tó bú wa, kò bójú mu láti tún un sọ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Lọ́jọ́ kejì, kò dúró jẹun tán kó tó gbéra. Ó ń wá bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Lákọ̀ọ́kọ́, a ń nà án nínú ayò, inú wa sì ń dùn, ìkà ni wá. Nígbà tó di àsìkò ààwẹ̀, kò dúró lọ́nà mọ́, kò sì pe ẹnikẹ́ni ní Casilda. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó gbé ọwọ́ sókè láàárín ayò.

"Eduvigis, gbọn yẹ̀rì rẹ."

"Èmi?"

"Gbọn ọ́n!"

Ó gbọn ọ́n. Dòmínò mẹ́fà-mẹ́fà já bọ́ sílẹ̀.

"Mo gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀ ni," ni Eduvigis wí.

"Ohun tí o ń gbàgbé ló ń jẹ́ kí o máa jẹ?"

Gbogbo ìgbà tí Leovigildo kò sí ni obìnrin yìí fi ń rẹ́ wa jẹ. Nítorí pé orí rẹ̀ ń jò, kò sẹ́ni tó fura. Àmọ́ ṣé a dúpẹ́ lọ́wọ́ Leovigildo? Rárá o. Ta ló fẹ́ kí wọ́n sọ fún òun pé òmùgọ̀ lòun?

Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá ń wá ìyọnu Leovigildo ló ń lọ bá a nílé. Ní báyìí, ìyọnu náà ti ń rìn. Ó ń lọ síbi ìgbéyàwó tí wọn kò pè é sí, ó ń dá sí ìjà tọkọtaya. Láàárọ̀ yìí, mo rí i tó ń bọ̀ lọ́nà ilé mi. Mo ti ilẹ̀kùn, mo mú kọfí kúrò lórí iná, mo dákẹ́ jẹ́ẹ́.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.