Ìkúnlẹ̀ Lórí Yìnyín

Rahmah kúnlẹ̀ kí àgbà lórí òkè yìnyín ní ilẹ̀ Faransé, àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì yẹ̀ nígbà tí àṣekágbá básíkẹ́tì ẹgbẹ́ rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀.

Àwọn kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ti fi iyọ̀ àti ata sí ìtàn náà. Wọ́n ní ó fò láti ṣóńṣó òkè, wọ́n ní hẹlikọ́pítà ló gbé e sọ̀kalẹ̀. Irọ́ ni. Ó kúnlẹ̀ ni, ó sì ṣubú.

Irun ni Rahmah ń dì ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Rye Lane. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń wá láti Kennington, wọ́n á jókòó dè é bí àga mìíràn tilẹ̀ ṣófo, nítorí kò sí ẹni tó lè di irun wẹ́wẹ́ bíi tirẹ̀. Bó bá ti kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, básíkẹ́tì ló kù. Ẹgbẹ́ àwọn obìnrin mọ́ṣáláṣí wọn ló ń gbá a fún. Wọ́n á wé ìborí pinpin, wọ́n á wọ ṣòkòtò gígùn, wọ́n á sì máa sáré bí ẹni tí ajá ń lé. Rahmah kọ́ ló yára jù nínú wọn, kò sì ga. Ṣùgbọ́n bí eré bá ku díẹ̀ kó parí, tí ọwọ́ àwọn yòókù bá ń gbọ̀n, tirẹ̀ kì í gbọ̀n. Nínú ìdíje ọdún yìí, bọ́ọ̀lù tó jù kẹ́yìn ló gbà wọ́n là kí wọ́n tó dé àṣekágbá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pè é ní Alayò, nítorí ìgbẹ̀yìn lalayò ń ta. Ó fẹ́ràn orúkọ náà, kò sì díbọ́n pé òun kò fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun kejì tó fẹ́ràn ni síkì, kí ènìyàn de pátákó gígùn méjì mọ́ ẹsẹ̀, kó sì máa yọ̀ bọ̀ láti orí òkè. Lọ́dọọdún, bí Ọdún Àjíǹde bá ti kọjá, tí ọ̀pọ̀ òyìnbó ti kúrò lórí òkè, tí oòrùn sì ti ń ràn, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin náà á kó ara wọn lọ. Àsúmáù, tó ń dirun lórí àga tó tẹ̀ lé ti Rahmah, bi í pé kí ni ọmọ Òṣogbo ń wá nínú yìnyín nígbà tí òtútù Peckham gan-an kò tíì jẹ́ kó sinmi. Rahmah ní kó wá wò ó. Àsúmáù ní òun kò fẹ́ kí wọ́n fi ṣíbí kó òkú òun.

Ohun tí Àsúmáù kò mọ̀ ni bí yìnyín oṣù kẹrin ṣe rí. Láàárọ̀, ó le bí ilẹ̀ tí wọ́n fi símẹ́ńtì rẹ́. Bó bá di ọ̀sán, á wú bíi gàrí tó ti pẹ́ nínú omi. Àárín méjèèjì ni Rahmah ń dúró dè, nígbà tí ojú rẹ̀ nìkan ti rọ̀, tí pátákó ń wọ inú rẹ̀ bí ọ̀bẹ ṣe ń wọ òrí. Á bọ́ kóòtù, á so ó mọ́ ìdí, oòrùn á máa ta á lójú, kò sí oníbàárà tó ń pè é. Ó mọ òfin ibẹ̀ dáadáa: bí yìnyín bá ti wú, kí ènìyàn kúrò lórí rẹ̀.

Lọ́jọ́ náà, ó ti fẹ́ kúrò. Ó dé ìdajì òkè, níbi tí ilé tíì kan wà, ló bá rí Àlàájà Sìdíkàt tó jókòó sí ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú awò dúdú lójú. Àlàájà ni ìyá ẹgbẹ́ wọn, òun ló kọ́ Rahmah ní kéwú. Ó ti sọ pé òun kò ní kúrò ní hòtẹ́ẹ̀lì, pé tẹ̀sùbáà òun tó òun. Kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ó ti gun àga tí okùn irin ń fà lọ sókè.

Rahmah la ẹnu láti kí i, orúnkún rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ kí ẹnu tó parí. Ọmọ tí wọ́n bá kọ́ nílé kì í kọ́kọ́ bi orúnkún léèrè. Ṣùgbọ́n bàtà síkì kì í jẹ́ kí ọrùn ẹsẹ̀ tẹ̀, yìnyín sì ti wú. Pátákó kan rì, èkejì ń lọ. Rahmah fi ọwọ́ ọ̀tún gbalẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá tó dì mú, àtàǹpàkò sì yẹ̀ sẹ́yìn.

Ẹ̀rín pa Àlàájà. "Ṣé èmi ni mo ní kí o wá kúnlẹ̀ fún mi lórí pátákó?"

"Ẹ má bínú, Mummy."

"Ta ló ń bínú? Dìde, jàre."

Rahmah kò lè dìde. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu Àlàájà. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ tú bàtà náà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó sì pàṣẹ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé láti ọjọ́ náà lọ, ẹnu nìkan ni kí wọ́n máa fi kí òun lórí òkè.

Dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ pé iṣan tó di àtàǹpàkò mú ti ya, kò tíì já. Ó fi ike líle dè é. Bí ó bá sinmi, á jinná. Bí nǹkan bá tún gbá a, á já, wọ́n lè fi ọ̀bẹ tún un ṣe, ṣùgbọ́n òun kò lè búra pé á tún tẹ nǹkan mọ́lẹ̀ dáadáa. Rahmah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sì sọ fún Àsúmáù pé òun máa gbá àṣekágbá.

"Kí ni wọ́n máa fún yín bí ẹ bá borí?" Àsúmáù bi í.

"Ife."

"Ṣé ife lo máa fi di irun?"

Rahmah ní bọ́ọ̀lù kan péré ni òun fẹ́ jù, ìyẹn tó kẹ́yìn.

Ní gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan ní Surrey Quays ni wọ́n ti gbá a, àwọn àti ẹgbẹ́ kan láti Sydenham. Kóòṣì wọn ni Àìṣát. Ó kéré sí Rahmah gan-an, Rahmah ló dirun ìgbéyàwó rẹ̀. Àìṣát ní kí Àǹtí Rahmah jókòó síta, Rahmah ní kò burú. Ẹnu lásán ló fi sọ ọ́. Ó jókòó títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí àwọn ará Sydenham sì fi àmì kan péré ṣíwájú. Ó bá tú ike náà kúrò lọ́wọ́, ó jù ú sínú báàgì, ó lọ dúró ti Àìṣát.

"Gbé mi wọlé."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́. Dókítà ní..."

"Dókítà kò sí níbí. Gbé mi wọlé, Àìṣát."

Kóòṣì òyìnbó kò ní yí ọrùn wò ó. Ṣùgbọ́n Àìṣát kò tíì sọ fún ẹni tó jù ú lọ rí pé rárá, lẹ́ẹ̀mejì. Ó tẹrí ba, ó sì ní kí wọ́n pààrọ̀ ẹnì kan. Lórí ìjókòó lókè, Àlàájà Sìdíkàt fi ìborùn bo ẹnu.

Bọ́ọ̀lù kan Rahmah lọ́wọ́. Ó fò. Ẹni Sydenham tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù gbá ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kí fèrè rẹfirí tó dún, Rahmah ti gbọ́ bí iṣan náà ṣe já nínú ara rẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn fi eyín gé òwú. Rẹfirí fún un ní bọ́ọ̀lù méjì láti jù, tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dí i lọ́wọ́. Ẹnì kan láàárín àwọn ará Sydenham, ọmọ Yorùbá ni, ní kí Àǹtí lọ wo ọbẹ̀ tó fi sílẹ̀ lórí iná. Rahmah rẹ́rìn-ín. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Àtàǹpàkò ń rọ̀ dirodiro, nítorí náà ó fi ìka mẹ́rin àti àtẹ́lẹwọ́ gbé bọ́ọ̀lù, ó sì jù ú. Ó wọlé láìfara kan irin. Wọ́n di ọgbọọgba. Ó ju èkejì. Ó kan irin, ó fò sókè, ó tún kan irin, ó sì já sínú àwọ̀n. Kí ẹgbẹ́ Sydenham tó gbé bọ́ọ̀lù dé ìdajì, àkókò pé.

Inú Rahmah dùn gan-an. Ọwọ́ òsì ló fi gbé ife, ó gbé e ga, ó sì jẹ́ kí wọ́n pariwo Alayò títí ohùn wọn fi há. Àìṣát ń sunkún, gbogbo ènìyàn rò pé ayọ̀ ni.

Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ sí àtàǹpàkò náà. Ó lè gbé ife tíì, ó lè di ọ̀pá síkì mú, Rahmah sì ti tún ń ju bọ́ọ̀lù. Ó ní bí ó bá tún kan òun, òun á tún wọlé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń di irun wẹ́wẹ́ gbọ́dọ̀ lè tẹ fọ́nrán tó kéré ju òwú lọ mọ́lẹ̀, èyí ni kò lè ṣe mọ́. Ní báyìí, òun ló ń fọ orí àwọn oníbàárà ní ṣọ́ọ̀bù. Bó bá ti fọ̀ ọ́ tán, tó fi táwẹ́ẹ̀lì nù ún, oníbàárà á dìde, á kọjá lára àga Rahmah, á lọ jókòó sọ́dọ̀ Àsúmáù.